Eric Liddell, Eléré Ìje Tí Ó Bọ̀wọ̀ Fún Ọjọ́ Olúwa

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin àgbà ìjọ, ni ẹ ti wo fíìmù Chariots of Fire tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1981. Fíìmù náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìtàn mọ síbi tí, lójú tiwa, ó ti yẹ kí ìtàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó tọ́ kí a sọ nípa ìgbésí ayé Eric Henry Liddell, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tlándì, tí a bí ní ìlú Tianjin ní ilẹ̀ Ṣáínà ní ọjọ́ 16, oṣù Kínní, ọdún 1902.

Ajíhìnrere ni àwọn òbí rẹ̀, lábẹ́ ẹgbẹ́ London Missionary Society. Ọmọ ọdún mẹ́fà péré ni nígbà tí wọ́n fi òun àti Robert, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ajíhìnrere ní London, tí àwọn òbí sì padà sí ẹnu iṣẹ́ wọn ní Ṣáínà. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ẹ ti fi ọmọ sílẹ̀ lọ sí ibùdó iṣẹ́ rí yóò mọ bí èyí ti rí lára.

Ní ọdún 1920, ó wọ Fásitì Edinburgh láti kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìgbà méje ni ó gbá bọ́ọ̀lù rọ́gíbì fún Skọ́tlándì láàárín ọdún 1922 sí 1923, ṣùgbọ́n eré sísá ni ó gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Eré rẹ̀ kò dùn ún wò rárá: orí rẹ̀ a dà sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ a ṣí sílẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì a sì máa jù fìrìfìrì. Síbẹ̀, ní oṣù Keje ọdún 1923, ó sá yáàdì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 9.7, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kankan tó sá a yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù yẹn kan náà, ní ìlú Stoke, ẹnìkan kọlu ú nínú ìje yáàdì 440, ó sì ṣubú. Kí ó tó dìde, àwọn tó kù ti fi nǹkan bí ogún yáàdì sílẹ̀ fún un. Ó lé wọn bá, ó kọjá wọn, ó gba ipò kìíní, lẹ́yìn náà ni ó ṣubú lulẹ̀ nítorí àárẹ̀.

Nítorí náà ni gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e pé yóò gba wúrà mítà 100 ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Paris ní ọdún 1924. Nígbà tí ètò ìje jáde, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 6 oṣù Keje, ni ìpele àkọ́kọ́ bọ́ sí. Liddell sọ pé òun kò ní sá a. Fíìmù fi hàn bí ẹni pé ìgbà tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ni ó gbọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Ó tún yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin méjèèjì nítorí ọjọ́ Ìsinmi yìí kan náà. Àwọn kan bínú sí i, wọ́n ní ó já orílẹ̀-èdè rẹ̀ kulẹ̀. Kò bá wọn jà, ìje mìíràn ni ó ń múra fún.

Ní ọjọ́ Àìkú náà, orí àga ìwàásù ìjọ àwọn ará Skọ́tlándì ní Paris ni ó wà. Harold Abrahams ni ó gba wúrà mítà 100. Liddell gba idẹ nínú mítà 200, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 11 oṣù Keje, ó gba wúrà mítà 400 láti ọ̀nà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta pátápátá, níbi tí sárésáré kì í ti í rí àwọn tó ń bá a díje. Ìṣẹ́jú àáyá 47.6 ni ó fi sá a, kò sì sí ẹni tí ó sáré bẹ́ẹ̀ rí ní Òlíḿpíìkì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó fi òkìkí sílẹ̀, tí ó padà sí Tianjin láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. A fi í joyè àlùfáà ní ọdún 1932, ó sì gbé Florence MacKenzie níyàwó ní 1934. Nígbà tí ogun Japan dé, ìgbèríko Xiaochang ni ó gbà láti lọ, níbi tí Robert ti ń ṣe dókítà. Ní ọdún 1941, ó rán aya rẹ̀ tó lóyún àti ọmọbìnrin wọn méjì lọ sí Kánádà. Ibẹ̀ ni a bí ìkẹta sí, bàbá rẹ̀ kò sì fi ojú kàn án.

Ní ọdún 1943, àwọn ológun Japan kó o sínú ọgbà ìhámọ́ Weixian pẹ̀lú àwọn àjèjì tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti Bíbélì, ó ń ṣètò eré ìdárayá fún wọn, wọ́n sì ń pè é ní Ọ́ńkù Eric. Ní ọjọ́ Ìsinmi kì í sí eré lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan gbá hockey ní ọjọ́ Àìkú kan láìsí rẹfirí, ó sì di ìjà. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Liddell fúnra rẹ̀ jáde wá ṣe rẹfirí fún wọn.

A ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ó yí ohùn padà. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní Paris, ògo tirẹ̀ ni ó fi sílẹ̀. Ní Weixian, àwọn ọmọ tí òbí wọn kò sí nítòsí ni ó ń dá ìjà láàárín wọn dúró, Olúwa wa pàápàá sì woni sàn ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ ni ẹ ó kọ́kọ́ mọ ìwúwo ìpinnu yẹn.

Kókó kan ti hù nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 21, oṣù Kejì, ọdún 1945, ní ẹni ọdún 43. Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi párásúùtì bọ́ sílẹ̀ láti tú àwọn tó kù sílẹ̀. Ní ọdún 1991, Fásitì Edinburgh gbé òkúta láti erékùṣù Mull ní Skọ́tlándì lọ síbi tí ọgbà náà wà, wọ́n sì fín ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ sí i lára, láti inú Aísáyà orí 40, ẹsẹ 31.