Hannah Marshman: Olùkọ́ àti Ìyá ní Ilẹ̀ Àjèjì

Bíbélì Kíkà: Òwe 31:10-31, Rúùtù 1:16-18, 2 Tímótì 1:3-5
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Òwe 31:28
Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ̀ pé iṣẹ́ tí ojú kò tó ni ó ń gbé iṣẹ́ ńlá ró, kí olúkúlùkù wa sì fi òtítọ́ ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, bí a bá bi yín léèrè nípa William Carey, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé òun ni Onírẹ̀bọmi ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ìhìnrere lọ sí ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1793. Àwọn kan yóò fi Joshua Marshman àti William Ward kún un, nítorí àwọn mẹ́ta yìí ni a máa ń dárúkọ pọ̀ nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bèèrè ẹni tí ń bọ́ ilé wọn, ẹni tí ń tọ́jú ọmọ wọn, àti ibi tí apá ńlá nínú owó iṣẹ́ náà ti ń wá, ó ṣeé ṣe kí gbogbo kíláàsì dákẹ́. Lónìí a ó gbé ìgbésí ayé obìnrin kan yẹ̀ wò tí ìdáhùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

1. Ìpè Tí Kò Rọrùn

A bí Hannah Shepherd ní ìlú Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1767. Bàbá àgbà rẹ̀ jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Onírẹ̀bọmi, nítorí náà inú ẹ̀kọ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni a gbé tọ́ ọ dàgbà. Ní ọdún 1791 ó fẹ́ Joshua Marshman, ahunṣọ tí ó fẹ́ràn ìwé ju ohun gbogbo lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta Joshua di olùkọ́ ní ilé-ìwé ìjọ Broadmead ní Bristol. Níbẹ̀ ni ó ti ń ka ìròyìn iṣẹ́ Carey, tí ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí Íńdíà.

Ẹ má ṣe rò pé Hannah fò sókè fún ayọ̀. Ọmọ kéékèèké wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé wọn sì ti rójú. Ọkàn rẹ̀ kò fẹ́ lọ ní àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó gbàdúrà, ó ronú, ó sì gbà. Nígbà tí ó sì ti gbà, kò tún bojú wẹ̀yìn mọ́.

2. Ní Serampore

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1799 ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣe àkóso ibẹ̀ nígbà náà kò fẹ́ míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ wọn rárá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ìlú Serampore ṣe ibùdó, nítòsí Calcutta, nítorí ìjọba Dẹ́nmáàkì ni ó ni ín. Kí oṣù kan tó pé, ikú ti mú William Grant, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wá, ó sì fi aya àti ọmọ sílẹ̀. Báyìí ni ilẹ̀ àjèjì ṣe kí Hannah káàbọ̀.

Carey wá bá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1800. Gbogbo wọn ń gbé pọ̀, wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n sì ṣe àdéhùn pé ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá rí yóò wọ inú àpò kan náà fún iṣẹ́ Olúwa.

3. Ilé-ìwé Tí Ó Bọ́ Iṣẹ́ Náà

Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1800, Hannah àti ọkọ rẹ̀ ṣí ilé-ìwé méjì tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, irú èyí tí àwa ń pè ní bọ́dìn. Ọ̀kan wà fún ọmọkùnrin, èkejì fún ọmọbìnrin. Ọmọ àwọn òyìnbó ń wá, àti àwọn tí bàbá wọn jẹ́ òyìnbó tí ìyá wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Àwọn òbí ń san owó, ilé-ìwé náà sì gbèrú.

Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ mọ ohun tí bọ́dìn jẹ́. Ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Ọmọ kan ń sunkún ilé ní òru, ara èkejì gbóná, ẹ̀kẹta kò jẹun. Hannah ni ó ń rí sí èyí lójoojúmọ́, ó sì tún ń bójú tó oúnjẹ àti ìnáwó agbo ilé ńlá náà. Owó tí ó wọlé kò bọ́ sí àpò òun àti ọkọ rẹ̀. Pẹ̀lú owó oṣù Carey, tí ó di olùkọ́ ní Calcutta ní ọdún 1801, àti èrè ilé ìtẹ̀wé tí Ward ń bójú tó, òun ni wọ́n fi túmọ̀ Bíbélì sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè, tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì fi bọ́ àwọn oníwàásù.

Kò dúró síbẹ̀. Ní ìgbà náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Bengal gbàgbọ́ pé bí ọmọbìnrin bá mọ ìwé, yóò di opó. Hannah wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ náà ní èdè wọn.

4. Ìyá Ọmọ Rẹ̀ àti Ọmọ Ẹlòmíràn

Hannah bí ọmọ méjìlá. Mẹ́fà péré ni ó yè. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà nínú kíláàsì yìí kò nílò àlàyé lórí èyí.

Síbẹ̀ ó rí àyè fún ọmọ ẹlòmíràn. Àìsàn ọpọlọ ń bá Dorothy, aya Carey, jà títí ó fi kú ní ọdún 1807. Iṣẹ́ kò sì jẹ́ kí Carey rójú ráyè, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìpátá. Hannah kò wò wọ́n níran. Òun, ọkọ rẹ̀ àti Ward ni ó fà wọ́n mọ́ra. Felix, àgbà nínú wọn, di míṣọ́nnárì sí ilẹ̀ Bọ́mà.

Ní ọdún 1812 àwọn ọ̀dọ́ kan láti Amẹ́ríkà wọ̀ sí ilé àwọn ará Serampore. Adoniram Judson àti Ann aya rẹ̀ wà nínú wọn. Kí ọdún náà tó parí, àwọn méjèèjì àti Luther Rice ti ṣe ìrìbọmi. Rice padà lọ jí àwọn Onírẹ̀bọmi Amẹ́ríkà sí iṣẹ́ míṣọ́nnárì. Láti inú ìjíde yẹn ni iṣẹ́ tí ó rán Thomas Bowen sí ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1850 ti ṣẹ̀. Ẹ ò rí i pé àlejò tí a tọ́jú lónìí lè di ìbùkún fún ẹni tí a kò mọ̀ lọ́la.

5. Ìbànújẹ́ àti Ìforítì

Ohun tí ó dun ìdílé Marshman jù wá láti ilé. Lẹ́yìn ọdún 1815, aáwọ̀ dé láàárín Serampore àti ìgbìmọ̀ tí ó wà ní London. Àwọn kan ń sọ pé ìdílé Marshman ti di olówó nídìí iṣẹ́ Olúwa. Ní ọdún 1827 ìhà méjèèjì pínyà, wọn kò sì tún dàpọ̀ títí di ọdún 1837. Ẹni tí ó fi gbogbo èrè iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò gbogbogbò ni a wá ń pè ní oníwọra! Hannah kò tìtorí èyí pa ilé-ìwé tì.

Ní ọdún 1829 ọmọbìnrin rẹ̀, tí ń jẹ́ Hannah bíi tirẹ̀, fẹ́ Henry Havelock, ọmọ ogun tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Ìyá wa di ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1836 iná jó ilé wọn ní Landour. Ó jó ọmọbìnrin náà gidigidi, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sì kú. Ìròyìn náà wó Joshua lulẹ̀; kò gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní oṣù kejìlá ọdún 1837. Ward ti lọ ní ọdún 1823, Carey ní ọdún 1834. Hannah nìkan ni ó ṣẹ́kù nínú àwọn àgbà ilé náà. Kò padà lọ sí Bristol. Serampore ni ó wà títí ó fi sùn nínú Olúwa ní ọdún 1847, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọgọ́rin ọdún.

Ẹ̀kọ́ fún Wa

Ní ọdún 1859 John, ọmọkùnrin rẹ̀, tẹ ìwé ńlá jáde lórí ìtàn Serampore. Orúkọ ọkùnrin mẹ́ta, Carey, Marshman àti Ward, ni ó wà lójú ìwé náà. Orúkọ ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé John kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Bí a ti ṣe ń ka iṣẹ́ ni: a ń wo òrùlé, a kì í wo ìpìlẹ̀.

Ẹ wo inú ìjọ tiyín. Ta ni ń gbá ilé ìsìn? Ta ni ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ọjọ́ ìsinmi gbogbo láti ogún ọdún wá? Ìyá àgbà wo ni ń tọ́ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ọjọ́ ìsìnkú wọn kí ẹ tó dúpẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ ni ẹni náà tí a kò dárúkọ, má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ rẹ rọ. Ẹni tí o ń sìn kò gbàgbé.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Kí ni ó lè mú kí ó ṣòro fún Hannah láti lọ sí Íńdíà? Irú ìpè wo ni ó ṣòro fún wa lónìí?
2. Ọ̀nà wo ni ilé-ìwé rẹ̀ gbà jẹ́ iṣẹ́ ìhìnrere?
3. Kí ni ó yẹ kí onígbàgbọ́ ṣe nígbà tí àwọn ará bá fi ẹ̀sùn èké kàn án?
4. Dárúkọ ẹnì kan nínú ìjọ yín tí ẹnikẹ́ni kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni kíláàsì yìí yóò ṣe fún un ní ọ̀sẹ̀ yìí?