DÓKÍTÀ CLARA SWAIN: OLÙKỌ́ TÍ Ó DI ONÍṢÈGÙN ÀWỌN ẸLẸ́HÀÁ

Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó ń ṣe iṣẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ní òkè òkun. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn obìnrin kan tí òun náà di ẹrù rẹ̀, tí ó lọ tọ́jú aláìsàn ní ilẹ̀ àjèjì, kí a lè mọ ohun tí ó fi sílẹ̀ níbẹ̀.

A bí Clara Swain ní ọjọ́ 18 oṣù Keje, ọdún 1834, ní Elmira, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà. Ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Castile ni ó gbé dàgbà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe, bí èmi náà ti ṣe é, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ fà sí ìtọ́jú aláìsàn. Ní ìgbà náà, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ó ń gba obìnrin kò wọ́pọ̀. Ọ̀kan wà ní Philadelphia, ibẹ̀ ni ó sì lọ. Ó ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún dáadáa kí ó tó di dókítà ní 1869.

Ní ọdún náà gan-an ni àwọn obìnrin Ìjọ Elétò dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Boston láti máa rán obìnrin lọ sí pápá iṣẹ́ Olúwa. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ ìpàdé náà, àwọn tí ó wá kò sì pọ̀. Síbẹ̀, kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti rán obìnrin méjì lọ sí Íńdíà: Isabella Thoburn tí í ṣe olùkọ́, àti Clara tí í ṣe dókítà.

Kí ni ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ dókítà obìnrin? Ní Íńdíà, ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ni ó wà nínú ẹ̀há. Ọkùnrin àjèjì kò gbọdọ̀ rí wọn, ìbáà ṣe oníṣègùn. Bí ìrọbí bá le, ọkọ a dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú owó lọ́wọ́, kò sì ní rí ẹni tí yóò pè. Báyìí ni ọ̀pọ̀ abiyamọ ṣe ń kú.

Ọjọ́ 20 oṣù Kìíní, ọdún 1870 ni Clara dé Bareilly. Kò sinmi rárá. Láàrin ọdún kan ó ti tọ́jú aláìsàn tí ó ju 1,000 lọ. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ọwọ́ ẹnì kan kò lè ká iṣẹ́ náà. Kò tí ì lo oṣù méjì níbẹ̀ tí ó fi kó obìnrin 17 jọ, tí ó ń kọ́ wọn ní ìṣègùn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin aláìlóbìí tí ìjọ ń tọ́. Ọdún mẹ́ta ni ó fi kọ́ wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1873, 13 yege ìdánwò, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí.

Ó kù kí wọ́n rí ilẹ̀ fún ilé ìwòsàn. Ilẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìjọ jẹ́ ti ọba Rampur, Mùsùlùmí tí a mọ̀ pé kò fẹ́ràn oníwàásù Kristẹni. Ní 1871 wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó tà á fún wọn. Ọba kò gba kọ́bọ̀. Ó fi bí éékà 40 ta wọ́n lọ́rẹ, pẹ̀lú ilé tí ó wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1874 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí ó wà fún àwọn obìnrin ní Íńdíà.

Ní 1885, ọba Khetri ránṣẹ́ pè é láti wá tọ́jú olorì rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró, ó sì gbà. Ó tún dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀. Ilé ìwòsàn Bareilly kò tìtorí pé ó lọ kí ó tì. Àwọn mìíràn ti wà tí ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ó padà sílé ní 1896, ó sì sùn nínú Olúwa ní Castile ní ọjọ́ Kérésìmesì, ọdún 1910, ní ẹni ọdún 76. Orúkọ rẹ̀ ni ilé ìwòsàn náà ń jẹ́ títí di òní.

Ẹ̀yin ìyá, àwa tí a mọ Wesley Guild ní Iléṣà mọ oore tí irú iṣẹ́ báyìí ń ṣe. Bí a bá ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun, kí a má ṣe bèèrè ilé àti ọkọ̀ nìkan. Bí wọ́n bá wálé, ẹ rọ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ ẹnì kan ní ohun tí wọ́n mọ̀, ìbáà ṣe agbẹ̀bí kan ṣoṣo ní abúlé. Kí Olúwa fi iṣẹ́ rere sí ọwọ́ gbogbo wa. Àmín.