Charlie Chaplin: Òṣèré tí kò fọhùn, tí gbogbo ayé gbọ́

Àwọn àgbà ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa jẹnu ṣámúṣámú. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ Charlie Chaplin rí, ọkùnrin kúkúrú onírunmú bíńtín inú sinimá àtijọ́, tó máa ń wọ ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀, kóòtù fífún àti bàtà ràgàjì, tó sì ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ dárà.

Ìlú London ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 16, oṣù kẹrin, ọdún 1889. Akọrin orí ìtàgé ni bàbá rẹ̀, akọrin náà sì ni Hannah, ìyá rẹ̀. Ọtí ló ba ayé bàbá jẹ́; ó fi ilé sílẹ̀, ó sì kú lọ́dún 1901.

Chaplin fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé ọmọ ọdún márùn-ún lòun nígbà tí ohùn ìyá òun há lórí ìtàgé ní Aldershot, tí àwọn èrò sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ náà ni wọ́n tì síwájú láti wá kọrin dípò ìyá rẹ̀. Bó ti ń kọrin ni owó ń bọ́ sílẹ̀. Ló bá dá orin dúró, ó ní kóun kọ́kọ́ ṣa owó náà ná. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ohùn ìyá kò padà sípò mọ́. Lọ́dún 1896, ìṣẹ́ lé òun àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Charlie àti Sydney tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, dé ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí ní Lambeth. Lẹ́yìn náà ni ọpọlọ ìyá dàrú, wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí Charlie tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ijó ló ń jó káàkiri láti fi jẹun.

Ẹgbẹ́ eléré Fred Karno ló gbé e dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1910. Nígbà tí ọdún 1913 ń parí lọ, ilé iṣẹ́ Keystone gbà á síṣẹ́ ní 150 dọ́là lọ́sẹ̀. Sinimá kò ní ohùn nígbà náà. Ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni òṣèré fi ń sọ̀rọ̀, ìdí nìyí tí gbogbo ẹ̀yà fi gbọ́ Chaplin yé. Lọ́dún 1916, ilé iṣẹ́ Mutual gbà láti san 670,000 dọ́là fún un lọ́dún kan.

Nínú The Kid, tó jáde lọ́dún 1921, àwọn aláṣẹ fẹ́ já ọmọ kékeré gbà mọ́ tálákà kan tó tọ́ ọ dàgbà lọ́wọ́. Ohun tójú òun náà ti rí ní Lambeth ni. Ọdún yẹn gan-an ló mú ìyá rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ títí tí ìyá fi kú lọ́dún 1928.

Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Chaplin kọ̀ jálẹ̀. City Lights tó ṣe lọ́dún 1931 ní orin, kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọdún 1940 ló tó la ẹnu sọ̀rọ̀ dáadáa, nínú The Great Dictator, láti fi Hitler ṣe ẹlẹ́yà. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Chaplin fi ju Hitler lọ.

Kì í ṣe ẹni tí kò ní àléébù. Ìyàwó mẹ́rin ló fẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sì ni àwọn méjì àkọ́kọ́ nígbà tó fẹ́ wọn. Kò gba ìwé ọmọ onílùú ní Amẹ́ríkà, àwọn kan sì ń pè é ní Kọ́múníìsì, èyí tó sẹ́. Lóṣù kẹsàn-án, ọdún 1952, orí omi ló wà pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi gba ìwé àṣẹ ìpadàbọ̀ rẹ̀. Switzerland ló fi ṣe ilé.

Ogún ọdún kọjá kó tó tún fẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1972, láti gba àmì ẹ̀yẹ Oscar. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fi oyè dá a lọ́lá lọ́dún 1975. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1977 ló dágbére fáyé, lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún.

Ohùn tó há mọ́ ìyá lọ́nà ọ̀fun ló ti ọmọ síwájú èrò. Ọmọ náà kò sì fi ìyá sílẹ̀ nígbà tí ayé yẹ ẹ́.