Alexander Hamilton àti Gbèsè Amẹ́ríkà

Erékùṣù kékeré kan tí ń jẹ́ Nevis, nínú òkun Karibíánì, ni a gbé bí Alexander Hamilton. Baba rẹ̀ kọ ìdílé sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ sì kú ní ọdún 1768, ó fi í sílẹ̀ ní ọmọ òrukàn. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò ní St. Croix ni ó ti ń ṣe akọ̀wé, níbẹ̀ ni ó sì ti kọ́ ìṣirò owó. Àwọn tí ó rí ọgbọ́n orí rẹ̀ dáwó jọ, wọ́n rán an lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Nígbà ogun òmìnira, ó di akọ̀wé George Washington. Nígbà tí Washington sì di Ààrẹ, ó fi í ṣe akápò ìjọba ní ọdún 1789.

Gbèsè ogun ni akápò titun yìí bá nílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ jẹ ju mílíọ̀nù 50 dọ́là lọ. Nǹkan bí mílíọ̀nù 25 tún wà lọ́rùn àwọn ìpínlẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1790, Hamilton dábàá pé kí ìjọba àpapọ̀ gba gbogbo rẹ̀ rù. Inú àwọn ará Massachusetts dùn, nítorí gbèsè tiwọn pọ̀. Ṣùgbọ́n Virginia ti san èyí tí ó pọ̀ jù nínú tirẹ̀. Èéṣe tí ẹni tí ó ti san gbèsè rẹ̀ yóò tún máa bá ẹni tí kò ì san dáwó? Ní tòótọ́, wọ́n jàre. James Madison ni ó ṣáájú wọn, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹrin, ìbò 31 borí 29, àbá náà ṣubú.

Ìjà mìíràn tún wà nílẹ̀: níbo ni olú-ìlú yóò wà? Àwọn ará gúúsù fẹ́ ẹ sí etí odò Potomac. New York ni Hamilton fẹ́. Ní oṣù Kẹfà, Thomas Jefferson pàdé Hamilton lójú pópó, ojú rẹ̀ fà ro, aṣọ rẹ̀ kò sì gún régé, bẹ́ẹ̀ aláfẹ́ ènìyàn ni. Jefferson pe òun àti Madison wá jẹun nílé rẹ̀. Nídìí oúnjẹ ni Madison ti gbà pé òun kò ní dènà ọ̀rọ̀ gbèsè mọ́ tagbáratagbára. Hamilton náà gbà láti wá ìbò fún Potomac. Kì í ṣe oúnjẹ yìí nìkan ni ó parí ìjà náà, nítorí wọ́n tún ìṣirò Virginia ṣe kí ó má bàa pàdánù. Washington fọwọ́ sí òfin olú-ìlú ní oṣù Keje, ó sì fọwọ́ sí ti gbèsè ní oṣù Kẹjọ. Jefferson kábàámọ̀ rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Òun àti Hamilton sì di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tí ń bá ara wọn jà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1804, Hamilton àti Aaron Burr, igbákejì Ààrẹ, fi ìbọn kojú ara wọn. Ọta bà á, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. New York, ìlú tí ó yọ̀ǹda ipò olú-ìlú rẹ̀ nítorí gbèsè náà, ni wọ́n sin ín sí.