Nígbà Tí Àjàyí Crowther Ń Ṣe Akẹ́kọ̀ọ́

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó kàwé dé ibi tí a kà á dé yìí tí kò gbọ́ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther rí. Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé òun ni ọmọ Áfíríkà kìíní tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà, àti pé òun ni ó ṣáájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Àwòrán tí a sì máa ń rí ni ti bàbá àgbà olórí ewú nínú aṣọ àlùfáà. Ṣùgbọ́n ti bàbá àgbà kọ́ ni mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí. Ti Àjàyí akẹ́kọ̀ọ́ ni, ẹni tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí ó ń gbọ́ agogo olùkọ́, gẹ́gẹ́ bí èmi àti ẹ̀yin.

Ẹ̀sín ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ìwé ìgbaniwọlé mi dé, Yorùbá ni wọ́n fún mi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ òfin ni mo béèrè. Yunifásítì tí mo sì kọ sí ipò kìíní kò dá mi lóhùn rárá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yẹ ìwé náà wò níwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, bí ẹni tí ń wá ojú ewé tí ó já bọ́, ó wá béèrè bóyá wọn kì í sọ Yorùbá nílé wa ni tí mo fi fẹ́ lọ máa sanwó kọ́ ọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Ọdún kan gbáko ni mo fi wá fọ́ọ̀mù tí n ó fi pààrọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpótí mi ní ọjọ́ tí olùkọ́ wa kan ní kí a lọ ka ìtàn bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọmọkùnrin yìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n, n kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀ṣóògùn ni wọ́n bí i sí, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ní nǹkan bí ọdún 1806 tàbí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1821 ni ogun kó ìlú náà, tí wọ́n fi okùn so òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ní Èkó ni ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú ará Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí ó kó wọn, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró.

Ní Bathurst, abúlé kan ní Sàró, ni wọ́n fi í sí. Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀: wọ́n ní ní ọjọ́ kìíní tí ó dé ilé-ẹ̀kọ́, ó jáde lọ tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú rẹ̀ láti fi ra káàdì A B D ti ara rẹ̀. Kò pé oṣù méje tí ó fi lè ka Májẹ̀mú Titun. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 ni ó ṣe ìrìbọmi, tí ó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Ní ọdún 1826 wọ́n mú un lọ sí Ìlú Ọba, ó sì kàwé fún ìwọ̀n oṣù díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Islington ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1827 ó ti padà sí Sàró.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti rí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n dá padà sí etí òkun Áfíríkà láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tíì lórúkọ. Nínú wa lónìí, ta ni kò ní í sunkún? Ẹgbẹ́ míṣọ́nárì C.M.S. ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní Fourah Bay, nínú ilé kan tí ó jẹ́ ti Gómìnà Turner tẹ́lẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ kò fara sin: ibà ń pa àwọn òyìnbó tí wọ́n ń rán wá bí ẹni ń pa eṣinṣin, wọ́n sì rí i pé bí a kò bá kọ́ ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ náà, iṣẹ́ yóò dúró. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ni Haensel, ará Jámánì. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àjàyí ni wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Kò sí oyè tí wọ́n ń fún ènìyàn níbẹ̀. Ọdún 1876 ni Fourah Bay tó so mọ́ Yunifásítì Durham tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ń gboyè. Nígbà náà Àjàyí ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ilé olókùúta ńlá tí àwọn ènìyàn máa ń yà ní fọ́tò, èyí tí wọ́n ní òpó ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú ni wọ́n fi ṣe igi àjà rẹ̀, kò bá a níbẹ̀. Ọdún 1845 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.

Kí ni ó wá rí kọ́? Látìnì wà níbẹ̀, Gíríìkì wà níbẹ̀. Ó sì kọ́ Temne, èdè àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo Temne yìí. Gíríìkì ti ní ìwé gírámà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ẹni tí ó bá kọ́ ọ kò ṣe ju kí ó tọ ipa ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n Temne jẹ́ èdè tí ẹnu ń sọ tí ìwé kò tíì pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ yóò tẹ́tí, yóò bi onílé, yóò wá fúnra rẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Lójú tèmi, bí a bá ń wá ibi tí Àjàyí ti kọ́ iṣẹ́ tí ó ṣe fún Yorùbá, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ilé-ẹ̀kọ́ kejì wà lẹ́yìn ògiri. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú pọ̀ ní Sàró tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pè wọ́n ní Aku, nítorí pé kíkí ni ṣáá, ẹ kú eléyìí, ẹ kú tọ̀hún. Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Ọ̀yọ́ pẹ̀lú. Ká ní ogun kò dé, ó ṣeé ṣe kí ọmọ Ọ̀ṣóògùn má gbọ́ ohùn Ìjẹ̀ṣà títí yóò fi dàgbà. Ní Sàró, gbogbo wọn ni ó ń gbọ́ lọ́jà kan ṣoṣo. Ohun tí ìpọ́njú kó jọ ni. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń yin òwò ẹrú. Mo kàn ń sọ pé ó ṣí etí rẹ̀ níbi tí ẹlòmíràn ìbá ti di tirẹ̀.

Ní ọdún 1829 ó gbé Susan níyàwó, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ẹrú kan náà. Ó ṣe olùkọ́ ní abúlé, lẹ́yìn náà ó padà sí Fourah Bay láti máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 1841 wọ́n mú òun àti Schön, míṣọ́nárì ará Jámánì, mọ́ àwọn tí ó wọkọ̀ gòkè odò Ọya. Ìrìn-àjò náà burú. Nínú òyìnbó bí 145 tí ó lọ, ó lé ní 40 tí ó kú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Àjàyí ṣe lójú ọ̀nà mú kí wọ́n tún ránṣẹ́ pè é sí Islington, sí kọ́lẹ́ẹ̀jì C.M.S. lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, ó ti bímọ, ó sì tún padà di akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1843, bí wọ́n ti ń fi í joyè àlùfáà ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe ń jáde ní ilé ìtẹ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kìíní ọdún 1844 ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown.

Ní ọdún 1845 ó dé Àgbádárìgì, ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ ti fojú kanra lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwọn tí ó kọ̀tàn rẹ̀ ti sọ èyí dáadáa jù mí lọ. Èyí tí ó kàn wá ni ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1852, nítorí pé ó fi òwe àwọn àgbà gbe àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó kó òwe jọ báyẹn ti jókòó ti àgbàlagbà pẹ́. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ tí à ń jìjàdù lé lórí nínú ìdánwò, nínú iṣẹ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ti fìdí múlẹ̀. Ó sì tún ṣe ìwé fún èdè Ìgbò àti Nupe. Odidi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884.

Mo ní ẹjọ́ bá a rò o. Bí Èṣù ṣe di Sátánì lọ́wọ́ òun àti àwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì ti da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wa lọ́wọ́ títí di òní, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ẹ̀sìn ìbílẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Etí tí ó gbọ́ Temne dáadáa kò fẹ́ gbọ́ ti babaláwo tó. N kò lè fi èyí pamọ́ nítorí pé mo fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864 ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, Yunifásítì Oxford sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá lọ́dún náà. Oyè yìí kò gbà á lọ́wọ́ ohun tí ó ń bọ̀. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí ó lè bí lọ́mọ dé sí odò Ọya, ọ̀kan nínú wọn sì jáde ní Cambridge. Wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, ní ìjókòó ìgbìmọ̀. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891 ni ó kú ní Èkó.

Ní ti fọ́ọ̀mù mi, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ní ìsinmi tí ó kọjá mo mú un lọ sí Ìsẹ́yìn, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ orúkọ gbogbo igi tí ó wà lára òfì bí ìyá ìyá mi ti ń pè wọ́n. N kò rí mẹ́ta nínú wọn nínú ìwé atúmọ̀-èdè kankan tí ó wà ní yàrá ìkàwé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún bi mí ní ọjọ́ Kérésì pé kí ni mo fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo ní orúkọ méjì kan wà tí màmá kò rántí mọ́, ẹnìkan ṣoṣo tí ó kù tí ó mọ̀ ọ́n ti fẹ́ pé àádọ́rùn-ún ọdún, ojú kò sì ríran mọ́, n ó lọ bá wọn kí a tó wọlé.