Svante Arrhenius: Ọkùnrin tó kọ́kọ́ ṣírò ohun tí èéfín èédú máa fi ayé ṣe

Gbogbo ìgbà tí àwọn ìjọba bá ti jókòó ìpàdé lórí ayípadà ojú ọjọ́, ibì kan náà ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀: èéfín yìí, ta ló ni ín? Ṣé ẹni tó sun èédú fi yọ́ irin ni, àbí ẹni tó ra irin náà lọ sílé? Mo ti kọ irú ìròyìn yìí títí ó fi sú mi. Ìgbà tí mo wá ka ìtàn ayé Svante Arrhenius, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Ọjọ́ 19, oṣù Kejì, ọdún 1859 ni wọ́n bí i ní Vik, lẹ́bàá ìlú Uppsala. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni nígbà tó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà. Àmọ́ nígbà tó ṣe iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Uppsala lọ́dún 1884, lórí bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú omi oníyọ̀ kọjá, máàkì tí àwọn ọ̀gá fún un kò dáa rárá. Díẹ̀ ló kù kó fìdí rẹmi. Orí iṣẹ́ yẹn náà ló gbé èrò tó gba àmì ẹ̀yẹ Nobel fún un lọ́dún 1903 kà, òun sì ni ọmọ Sweden àkọ́kọ́ tó gbà á. Ẹ ò rí nǹkan!

Kì í ṣe ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ o. Láyé ọjọ́un, yìnyín bo apá tó pọ̀ nílẹ̀ Yúróòpù, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Arrhenius ní bóyá afẹ́fẹ́ carbon dioxide ló dín kù lójú sánmà, nítorí afẹ́fẹ́ yìí ló ń dá ooru dúró bíi kúbùsù. Ó mú pẹ́ńsù, ó mú ìwé, ó sì jókòó ti ìṣirò náà fún bí ọdún kan. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí ẹ̀rọ ìṣirò bí irú èyí tó wà lórí fóònù wa. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Sofia Rudbeck, tó ti kọ́ níwèé rí, fọ́.

Ọdún 1896 ló gbé èsì rẹ̀ jáde: bí carbon dioxide bá di ìlọ́po méjì, ooru ayé máa fi dígírì 5 sí 6 lé sí i. Nǹkan bíi dígírì 3 ni àwọn onímọ̀ òde òní fi í sí. Fún ẹni tó ń fi pẹ́ńsù ṣe é, ó gbìyànjú gan-an.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Arvid Högbom, ló ṣírò èyí tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ń dá sí i. Èédú tí ayé ń wà nígbà náà jẹ́ nǹkan bíi 500 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún. Lójú Arrhenius, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló máa gbà kó tó hàn. Nígbà tó fi máa di 1904, ó ti ń sún mọ́ 900 mílíọ̀nù, òun náà sì yí ohùn padà pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún díẹ̀ ti tó. Inú rẹ̀ ń dùn sí i o! Ẹni tí òtútù ń bá jà láti kékeré, ooru kò lè jọ ọ́ lójú bí ìyà. Ibi tó ti ṣìnà nìyẹn, kì í sì í ṣe ibẹ̀ nìkan: ó wà lára àwọn tó gbé ẹgbẹ́ ìmọ́tótó ẹ̀yà ró ní Sweden, ìyẹn àwọn tó gbà pé ẹ̀jẹ̀ àwọn kan sàn ju ti àwọn mìíràn lọ. Mi ò ní torí ìṣirò bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé èéfín gbogbo ayé ló kó jọ sójú kan kà. Afẹ́fẹ́ kò mọ aṣọ́bodè. Lẹ́yìn tó ti kú tipẹ́ ni àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ṣe òfin pé orílẹ̀-èdè tí èéfín bá ti jáde ni kí wọ́n kọ ọ́ mọ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sweden tirẹ̀ gan-an. Èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń rà lò. Lọ́dún 1915, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, iná mànàmáná tí wọ́n ń fi omi Porjus gbé jáde bẹ̀rẹ̀ sí í wa rélùwéè tó ń kó òkúta irin láti Kiruna lọ sí ẹnubodè Norway. Ọkọ̀ ojú irin kò rú èéfín mọ́. Ṣùgbọ́n òkúta irin tó kó, ọkọ̀ ojú omi gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ dé Jámánì, níbi tí wọ́n ti fi èédú yọ́ ọ. Sweden gba owó, ojú ọ̀run Jámánì gba èéfín.

Arrhenius kú ní Stockholm lọ́jọ́ 2, oṣù Kẹwàá, ọdún 1927. Lónìí, omi, nuclear àti afẹ́fẹ́ ló ń pèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iná ilẹ̀ náà, wọ́n sì ti ń gba owó orí lórí kábọ́ọ̀nù láti 1991. Èéfín wọn nílé lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bí ẹ bá ka ti aṣọ, fóònù àti oúnjẹ tí wọ́n ń rà wọlé mọ́ ọn, ó lé ní ìdajì èéfín tí ìgbé ayé wọn ń fà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ẹlòmíràn ló ti ń jáde. Tiwa rèé: gáàsì tí wọ́n ń sun dànù ní Niger Delta bí wọ́n ṣe ń wa epo rọ̀bì tó ń lọ sókè òkun, Nàìjíríà ni wọ́n ń kọ ọ́ mọ́.

Kí n má bàa ṣe ojúsàájú, òwò náà ní ẹ̀gbẹ́ rere. Sweden ń ta iná tó mọ́ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀, ìyẹn sì ń dín èédú àti gáàsì tí àwọn yẹn ì bá sun kù. Lọ́dún 2020, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ àdánwò kan ní Luleå, lórí ọ̀nà rélùwéè òkúta irin kan náà, tó ń fi hydrogen ṣe irin dípò èédú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, irin àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe báyìí dé ọwọ́ ilé iṣẹ́ Volvo. Èéfín ti irin yẹn kò ṣí lọ sí Jámánì. Wọn ò rú u rárá ni.