Ìgbésí Ayé John Spilsbury

Akẹ́kọ̀ọ́, bí o bá ti jókòó rí tí o ń to àwòrán tí a gé sí wẹ́wẹ́ pọ̀ títí ó fi pé, ogún tí ọkùnrin yìí fi sílẹ̀ ni o ń jẹ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí Spilsbury ní ọdún 1739. Ó kọ́ iṣẹ́ fífín àwòrán ilẹ̀ lọ́dọ̀ Thomas Jefferys, ẹni tí ó ń ṣe é fún Ọba George Kẹta. Lẹ́yìn tí ó gba fíríìdọ̀mù, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù nítòsí Drury Lane ní Lọ́ńdọ́nù.

Níbẹ̀ ni ó ti ń lẹ àwòrán ilẹ̀ mọ́ pákó pẹlẹbẹ, tí ó sì ń fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé e tọ ààlà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó sọ ọ́ di ọjà títà. Ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì ni ó ní lọ́kàn, kì í ṣe eré lásán. Ọmọ tí kò bá mọ ibi tí ilẹ̀ Faransé ti bá Sípéènì pààlà kò ní rí pákó náà tò. Àwọn ègé inú rẹ̀ kò há mọ́ra bí ti òde òní. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá gbún un, ó tú ká nìyẹn!

Ó gé àwòrán gbogbo ayé, ó gé ti Skọ́tíláǹdì, ó sì gé ti Áfíríkà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó kò tíì mọ ibi tí Odò Ọya ti ń wọ òkun. Èyí tí kò ní òkun nínú kò wọ́n tó èyí tí ó ní i. Síbẹ̀, ọmọ ọlọ́lá ni ó ń rí i rà.

Ọdún 1769 ni ó kú, kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Opó rẹ̀ ni ó ń bá òwò náà lọ fún ìgbà díẹ̀.